Alárinà Láàárín Rédíò Tí Kò Gbọ́ Ara Wọn: Àyẹ̀wò Àpótí Ìsopọ̀ Kékeré fún Àwọn Ọmọ Ogun Tó Jọ Ń Ṣiṣẹ́

Rédíò mẹ́ta ni ó wà lórí tábìlì wa ní Hohenfels lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan àpótí ìsopọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èyí tí ń jẹ́ kí rédíò tí kò gbọ́ ara wọn lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan jẹ́ SINCGARS ti àwa ará Amẹ́ríkà, èkejì jẹ́ Bowman ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ PR4G tí àwọn ará Pólándì gbé wá, èyí tí ilé iṣẹ́ Radmor ní ìlú Gdynia ń ṣe pẹ̀lú àṣẹ ilé iṣẹ́ Thales ti ilẹ̀ Faransé. Bí ẹ bá ka ìwé tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá, ẹ ó rí i pé inú ààlà ìgbì kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́, láti nǹkan bí 30 MHz títí dé nǹkan bí 88 MHz, débi pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò rò pé kí a kàn yí wọn sí ojú kan náà ni ó kù. Síbẹ̀, àwọn sójà mẹ́ta tó jókòó tì wọ́n lè na ọwọ́ kí wọ́n fi kan èjìká ara wọn, ṣùgbọ́n rédíò wọn dití sí ara wọn bí òkúta mẹ́ta inú odò.

Iṣẹ́ sígínàlì, ìyẹn iṣẹ́ rédíò àti ìbánisọ̀rọ̀ ológun, ni mo ṣe nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Hohenfels tó wà ní Bavaria, ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, sì ni ibi tí ẹgbẹ́ náà ti máa ń bá àwọn orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ ṣe ìdánrawò. Ẹgbẹ́ wa ni ó ra àpótí náà, kì í ṣe èmi. Ọwọ́ mi ni wọ́n kàn gbé e lé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀, nítorí pé ohun tí mo ní í sọ, ìyìn rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀, kan gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju orúkọ kan ṣoṣo lọ. Kí n sì tètè sọ ibi tí mo dúró sí: àpótí náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àpótí ni ẹni tó bá lọ rà á ń rà. Wáyà ni ó ń rà, àti ẹni tí yóò jókòó tì í.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá owó irú ẹ̀rọ yìí tọ́ tàbí kò tọ́, ó yẹ kí ó mọ ìdí tí àwọn rédíò wọ̀nyí kò fi gbọ́ ara wọn. Rédíò ológun òde òní kì í dúró sójú kan. SINCGARS ní ojú ìgbì 2,320, ó sì máa ń fò láti orí ọ̀kan sí òmíràn ní ìgbà tó lé ní 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ọ̀tá tó ń dẹtí má baà rí i mú, kí ẹni tó fẹ́ fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀ má sì mọ ibi tí yóò dojú ariwo rẹ̀ kọ. Kí méjì tó lè jọ fò, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ètò ìfò kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan náà (nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ni, kì í ṣe irin), aago inú wọn sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. PR4G náà ń fò, ṣùgbọ́n ijó tirẹ̀ yàtọ̀; ẹni tó kọ́ ọ níjó kò bá ẹni tó kọ́ SINCGARS pàdé lójú agbo. Lẹ́yìn ìfò ni ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ohùn tún kàn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń lọ ohùn pọ̀ kí ó tó gba orí áńtẹ́nà jáde, kò sì sí ìjọba tí yóò kàn ṣàdédé kó kọ́kọ́rọ́ irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ nítorí pé àwọn méjèèjì jọ wà nínú ìdánrawò kan. Bí ọkọ̀ òfurufú bá wá wọ ọ̀rọ̀ náà, ó tún lọ́ pọ̀ sí i, nítorí pé láàárín 225 MHz sí 400 MHz ni ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ òfurufú ológun ti ń sọ̀rọ̀, AM ni wọ́n sì sábà máa ń lò nígbà tí àwọn tó wà nílẹ̀ ń lo FM.

Ọ̀nà kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí gbogbo wọn yéé fò, kí wọ́n yéé fi ohùn pamọ́, kí wọ́n dúró sójú ìgbì kan, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ ní gbangba bí àwọn onítáksí. Rédíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí tábìlì wa lè ṣe é, a sì ṣe é ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní kí a tó rí àpótí gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rẹ́ gbọ́ ní gbangba, ọ̀tá náà gbọ́ ọ. Nígbà tí ogun Ukraine bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2022, àwọn tó kàn ń fi rédíò ṣeré nínú ilé wọn pàápàá gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ń bá ara wọn sọ lórí ìgbì tí kò ní ìpamọ́, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e káàkiri ayé. Lẹ́yìn èyí, kò sí ọ̀gágun kan tí ó kàn máa gbà wẹ́rẹ́ bí èèyàn bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ láìbora.

Kì í sì ṣe láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè nìkan ni ìṣòro yìí wà. Ní 25 Oṣù Kẹwàá ọdún 1983, nígbà tí Amẹ́ríkà wọ erékùṣù Grenada, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà ní gúúsù, àwọn Marine, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó máa ń ti orí omi wọ ilẹ̀ jà, wà ní àríwá, ọkọ̀ ogun ojú omi sì wà lórí òkun pẹ̀lú ìbọn ńláńlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nílẹ̀ kò sì rí ọ̀nà fi rédíò ọwọ́ wọn pe ọkọ̀ náà pé kó yìnbọn ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìtàn kan wà tí àwọn oníṣẹ́ sígínàlì fẹ́ràn láti máa pa, pé sójà kan lọ fi tẹlifóònù lásán pe ilé ní Amẹ́ríkà kí wọ́n lè bá a ránṣẹ́. Ẹnu àwọn tó ń pa á kò kò lórí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí náà mi ò ní fi í ṣe ẹ̀rí. Ti ọkọ̀ ojú omi náà kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ohun tí àpótí ìsopọ̀ ń ṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń ya àwọn ọ̀gá lẹ́nu. Kò fọwọ́ kan ìgbì rárá. Rédíò kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀: ó ń fò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń tú ìpamọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó gbà di ohùn ènìyàn. Ibi tí ohùn náà yóò ti jáde sí etí sójà ni àpótí ti ń gbà á, yóò fi ohùn náà sí ẹnu àwọn rédíò yòókù bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ sí wọn, yóò sì bá wọn tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀. Alárinà ni, àfi pé alárinà yìí kò mọ ohun tí ìdílé ọkọ tàbí ti ìyàwó ń wí. Ohùn ló kàn ń gbé. Àwọn àgbà ní bí ojú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀bá. Ti rédíò ológun kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí ìjọba kọ̀ọ̀kan bá ń di kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ mú, kò sí ọjọ́ tí ojú wọn yóò mojú.

Èyí tí a lò kò tóbi ju odindi búrẹ́dì kan lọ, irin ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó sì ní ihò mẹ́rin fún rédíò mẹ́rin àti ihò karùn-ún fún háńsẹ́ẹ̀tì (ohun tí a ń gbé sí etí àti ẹnu bí ti tẹlifóònù) ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ṣúìṣì kan wà lábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan tí a fi ń pín rédíò sí ẹgbẹ́ méjì, kí àwọn méjì lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìdí àwọn méjì yòókù lọ́wọ́. Bọ́tìnnì méjì tí a ń yí wà níbẹ̀ fún bí ohùn ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde, iná wẹ́wẹ́ sì ń tàn láti fi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ hàn. Kò sí ojú kọ̀ǹpútà lára rẹ̀, kò sì béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé kó kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Bátìrì BB-2590 tí a ń gba iná sí, irú èyí tí a ti ń kó lọ sí pápá fún rédíò wa tẹ́lẹ̀, ni ó ń gbé e ṣiṣẹ́, èyí sì jẹ́ ọgbọ́n tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rò ó, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó bá béèrè bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni a sábà máa ń gbàgbé sílé. Bí gbogbo nǹkan bá ti pé, títo rẹ̀ kò pẹ́ tó kí ẹ̀kọ gbígbóná tutù. “Bí gbogbo nǹkan bá ti pé” ni ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá bá.

Ìṣòro kìíní tí a bá pàdé ni ti sílébù tó ń ṣubú sójú ọ̀nà. Rédíò tó ń fi ohùn pamọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀ tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Ó ní láti kọ́kọ́ bá ti ẹni tí ń gbọ́ ṣe àdéhùn ìpamọ́ náà, ìdádúró díẹ̀ sì wà nínú èyí. Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ sí rédíò kan ṣoṣo, ó máa ń gbọ́ ìró kékeré tí ń sọ fún un pé ọ̀nà ti là. Lórí àpótí ìsopọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní apá kan kò lè gbọ́ ìró ti apá kejì, ìdádúró náà sì ti di méjì: ti rédíò tirẹ̀, àti ti rédíò tí àpótí ń tẹ bọ́tìnnì fún. Nítorí náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fi ń sọnù. Ẹ rò ó wò pé ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ àṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú “má”, tí “má” náà sì já sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ohun tí yóò dé ọ̀hún ni òdì ohun tí ó wí. Àpótí tó bá níláárí máa ń ní ìrántí kékeré tí ó fi ń di ohùn mú fún ìdá kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá títí rédíò kejì yóò fi ṣetán. Tiwa ní i, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́ kéré jù fún Bowman, ìwé tó bá a wá sì gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìlà méjì péré. A fi odindi ọ̀sán kan wá ìwọ̀n tí yóò tẹ́ rédíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, a kọ́ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n mí sínú lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó la ẹnu.

Ìṣòro kejì ni bí àpótí ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀. Ó lè fetí mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni pé bí ó bá ti gbọ́ ohùn ni yóò tẹ bọ́tìnnì fún àwọn yòókù. Ó sì lè mọ̀ ọ́n láti ara wáyà kan tí rédíò fi ń sọ pé ìgbì ń wọlé. Èyí tí ó ń fetí mọ̀ rọrùn láti tò, ṣùgbọ́n ariwo máa ń tàn án jẹ. Sójà kan lára àwọn tiwa gbàgbé ọwọ́ lórí bọ́tìnnì nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké, àpótí ka ẹ́ńjìnnì sí ọ̀rọ̀, ó sì mú kí ẹnu rédíò orílẹ̀-èdè mẹ́ta wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì kan bá wà lásìkò náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́. Àwọn rédíò FM ológun kan tún wà tí ń retí ìró 150 Hz lábẹ́ ohùn kí wọ́n tó ṣí etí wọn, ẹni tí kò bá mọ èyí lè máa yí bọ́tìnnì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú nígbà tí ó bá ń gbìyànjú láti so ọ̀kan nínú wọn láìní ìpamọ́.

Mo wá dé orí wáyà. Rédíò ológun Amẹ́ríkà ń lo irú ihò kan tí a mọ̀ sí U-229, òun náà ni háńsẹ́ẹ̀tì H-250 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí nínú fíìmù ń wọ̀. Ẹsẹ̀ irin kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ iná (earth), ọ̀kan ń gbé ohùn jáde, ọ̀kan ń gba ohùn wọlé, ọ̀kan sì jẹ́ ti bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀. Rédíò àwọn ẹlòmíràn ní ihò tiwọn, àwọn mìíràn sì jọ tiwa lójú ṣùgbọ́n ètò ẹsẹ̀ wọn yàtọ̀, èyí tí ó léwu ju kí wọ́n má tilẹ̀ jọ rárá lọ, nítorí pé wáyà yóò wọlé dáadáa, ẹ ó sì rò pé rédíò ló bàjẹ́. Bí ẹsẹ̀ ṣe tò nìkan kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn mọ̀: ohùn tí rédíò kan ń gbé jáde lè lágbára ju ti èkejì lọ, ẹnu kan lè fẹ́ iná díẹ̀ láti ara wáyà kí ó tó gbọ́rọ̀, òmíràn kò sì gbọdọ̀ rí iná náà sójú. Gbogbo ìmọ̀ yìí wà nínú wáyà, kì í ṣe nínú àpótí. Àpótí kan ṣoṣo lè so rédíò ogún orílẹ̀-èdè, bí ẹ bá ní wáyà ogún.

Wáyà mẹ́rin ni ó bá tiwa wá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó jẹ́ ti U-229. Àwọn tó rà á ra ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó wà fún síso rédíò orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, wọ́n sì fún wa ní wáyà tí a lè fi so rédíò wa mọ́ rédíò wa. Ẹni tó tà á ní òun ní wáyà yòókù, lóòótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n iye tí ó pe ọ̀kan kí ó tó dé ọwọ́ wa lé ní iye tí mo ra fóònù mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó sì fẹ́ kó gbà. Ìdánrawò yóò parí lọ́sẹ̀ méjì. Ohun tí a ṣe ni pé ọ̀gá sígínàlì Gẹ̀ẹ́sì kan fún wa ní háńsẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀, a gé wáyà rẹ̀, mo fi mítà wá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì jó léèdì sí i lábẹ́ àgọ́ nígbà tí òjò ń lu aṣọ lórí wa. Àwọn ará Pólándì ṣe tiwọn fúnra wọn, tiwọn sì mọ́ ju tèmi lọ. Mi ò ní tìjú láti sọ ọ́. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ara wọn tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, sójà Pólándì tó wà lórí òkè ní kìlómítà mẹ́jọ sí wa sọ orúkọ ibi tó wà, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú igbó tún un sọ láìsí àṣìṣe, kò sì sí ẹni tí ó rántí àpótí mọ́. Wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ìyìn tó ga jù tí mo lè fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ní ti àṣírí, àǹfààní ńlá kan wà níbí tí àwọn tó ń tà á kì í sọ dáadáa. Kò sí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé rédíò tiwọn wá, kọ́kọ́rọ́ wọn wà nínú rẹ̀, ọmọ ogun wọn jókòó tì í, nígbà tí ó sì tó àkókò láti lọ, wọ́n yọ wáyà kúrò, wọ́n gbé rédíò wọn, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ń san èyí ni pé nínú àpótí yẹn, àti nínú gbogbo wáyà tó wọ inú rẹ̀, ohùn wà ní ìhòòhò. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni àwa oníṣẹ́ sígínàlì ń pè ní pupa, èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ní ìpamọ́ ni a ń pè ní dúdú. Ẹni tó bá jókòó ti àpótí gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ẹnì kan bá sì sọ lórí rédíò tó ní ìpamọ́ tó nípọn lè gba ẹnu rédíò tí ìpamọ́ tirẹ̀ fúyẹ́ jáde, tí kò bá tilẹ̀ jẹ́ èyí tí kò ní ìpamọ́ rárá, láìjẹ́ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ̀. Nítorí náà, àṣírí gbogbo wọn kò ju ti ẹni tó lẹ jù láàárín wọn lọ. Tiwa ní iná pupa kan tí ó yẹ kó máa kìlọ̀ irú èyí, ṣùgbọ́n iwájú àpótí ni ó wà, kò sì lè kìlọ̀ fún ẹni tó wà nínú igbó. A yan sójà kan láti máa kéde lórí ìgbì, ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pé ìsopọ̀ ṣì wà o, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí àpótí ṣe pẹ̀lú ìró kékeré kan nìyẹn, mo sì yọ máàkì nítorí rẹ̀.

Òru ọjọ́ karùn-ún ni mo kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fún wa. Àwọn ará orílé-iṣẹ́ wa tó wà lẹ́yìn náà ní àpótí ìsopọ̀ tiwọn, wọ́n sì so ìgbì tiwa àti ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbẹ̀ láìsọ fún wa pé àwọn ti so ó. Ìgbì méjì kan náà ti wá ní afárá méjì. Sójà kan sọ̀rọ̀ lórí ìgbì wa, ó jáwọ́. Àpótí wa tó ṣì ń parí ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ lórí ti Gẹ̀ẹ́sì mú kí ti orílé-iṣẹ́ gbà á padà sórí tiwa, tiwa tún gbé e lọ, tiwọn tún gbé e bọ̀, ìgbì méjèèjì sì ń ké tó-tó-tó bí agogo tí ẹnikẹ́ni kò lù, títí mo fi fi ọwọ́ ara mi yọ wáyà. Àpótí ńlá tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú lè mọ irú èyí kó sì gé e. Kékeré kò lè ṣe é. Ẹnu ni ó kù kí ènìyàn fi sọ ọ́, kí ó jẹ́ pé ẹnì kan péré ni ó ń kọ ibi tí afárá wà sílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́.

Nígbà tí mo dárúkọ àpótí ńlá, èyí tí orúkọ rẹ̀ tàn jù ni ACU-1000 tí ilé iṣẹ́ JPS ní Raleigh, ìpínlẹ̀ North Carolina, ṣe. Inú férémù irin ni wọ́n ń tò ó sí, ó ní àyè 12 fún káàdì ẹ̀rọ tí ó ń gba rédíò tàbí tẹlifóònù, kọ̀ǹpútà sì lè máa darí rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá àti panápaná Amẹ́ríkà lò ó gan-an, nítorí ìṣòro kan náà ni wọ́n ní láàárín ìlú sí ìlú. Nínú ọkọ̀ tàbí nínú ilé ni ibùgbé irú rẹ̀. Ní òdì kejì ni ICRI ti ilé iṣẹ́ kan ní Reston, Virginia, tí ó kéré, tí kò fẹ́ kọ̀ǹpútà, tí bátìrì AA inú tọ́ọ̀ṣì lásán sì lè gbé ṣiṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ fi ẹ̀rọ sí orílé-iṣẹ́ tí kò ní ṣí kúrò fún oṣù mẹ́fà, ti férémù ni n óò mú. Bí ó bá jẹ́ òkè tí a ní láti fẹsẹ̀ gùn, kékeré ni, àní pẹ̀lú gbogbo àléébù tí mo ti kà.

Ohùn nìkan ni ó ń gbé o. Àwòrán ilẹ̀ tí ń fi ibi tí ọ̀rẹ́ wà hàn, ìwé kékeré tí rédíò òde òní ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, kò sí èyí tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà bí yóò ṣe wúlò tó lọ́dọ̀ wa nílé, ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun alápapọ̀ tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní N'Djamena kó Nàìjíríà, Niger, Chad, Cameroon àti Benin pọ̀ láti bá Boko Haram jà ní àyíká adágún Chad, kí Niger tó kéde ní ọdún 2025 pé òun jáde. Ogun tí ń sá láti etí omi kan bọ́ sí èkejì kì í dúró de ẹni tó ń wá ọ̀nà láti fi rédíò pe aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé alárinà yìí kò gbọ́ èdè kankan: Gẹ̀ẹ́sì ni ti Nàìjíríà, Faransé ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù fi ń pàṣẹ, àpótí yóò sì gbé Faransé dé etí ọmọ Nàìjíríà ketekete láìní kí ó yé e. Ẹni méjì tí ó jẹ́ Yorùbá, ọ̀kan láti Kétu ní Benin, èkejì láti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, lè fi èdè ilé parí ọ̀rọ̀ náà kíá. Mi ò mọ ọ̀gágun tí yóò kọ ìyẹn sínú ètò ogun rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé sójà kì í dúró de ètò kí ó tó bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Máàkì méje nínú mẹ́wàá ni mo fún àpótí náà. Ara rẹ̀ le, òjò kò mú un, ó wọ inú àpò ẹ̀yìn láìfi rédíò sílẹ̀, ẹni tí kò rí i rí sì lè kọ́ ọ láàárín wákàtí kan bí ẹni tó ń kọ́ ọ bá ti mọ̀ ọ́n. Ó pàdánù máàkì kan nítorí ìkìlọ̀ àṣírí tí kò dé etí ẹni tó yẹ, ọ̀kan nítorí ìwé rẹ̀ tí ó ṣàpèjúwe ìdádúró ohùn ní ìlà méjì péré, àti ọ̀kan nítorí wáyà. Bí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun yóò rà, kí ó béèrè lọ́wọ́ olùtajà, kí wọ́n tó sọ iye owó rárá, pé kó so rédíò méjì tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan náà pọ̀ lójú rẹ̀, pẹ̀lú ìpamọ́ wọn lórí, kí ó sì fetí sí sílébù àkọ́kọ́. Kí ó kọ orúkọ gbogbo rédíò tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lò sínú ìwé ìrajà, kí wáyà ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì méjì, jẹ́ ara iye owó àpótí náà gan-an.

Wáyà tí a jó léèdì sí lábẹ́ òjò yẹn ṣì wà nínú garawa ọta tí a fi ń kó wọn, mo fi téèpù pupa wé ti Gẹ̀ẹ́sì, mo fi funfun wé ti Pólándì. Nígbà tí mo ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àpótí. Mo ní kó gbé e kalẹ̀ ná, kí ó wá bá mi ka wáyà.